Ìbora Bàbá Gúnrégé

Gbogbo àdúgbò ló mọ ọkọ mi sí Bàbá Gúnrégé. Káfíńtà ni. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí nítorí eruku pákó tó ń fún un ní ikọ́, àmọ́ iṣẹ́ kò fi òun sílẹ̀. Bí a bá lọ kí èèyàn nílé, kí wọ́n tó ní ká jókòó, á ti mi àga wò, á sì ti sọ fún onílé pé ẹsẹ̀ kan kúrú. Nígbà kan tí a lọ wo ọ̀rẹ́ mi kan tí ara rẹ̀ kò yá, fọ́tò kan wọ́ díẹ̀ lára ògiri. Ọkọ mi kò lè béèrè bí ara ṣe rí. Ó dìde, ó lọ tún fọ́tò ṣe, ó ní "Ó yẹ kó gúnrégé," lẹ́yìn náà ló tó wá jókòó, tó ní Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Ọdún kọkànlélógójì rèé tí mo ti ń gbọ́ gúnrégé, ó sì ti sú mi tipẹ́.

Èmi ní tèmi, òwú ni mo yàn lọ́rẹ̀ẹ́. Kì í ṣe òun ni mo fi ń jẹun o. Atẹ̀wé ni mí, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo lò nínú ọ́fíìsì kan náà, nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí lẹ́tà "k" rẹ̀ máa ń há. Àmọ́ tí mo bá ti délé, tí mo ti bọ́ bàtà, yàrá ẹ̀yìn ni mò ń gbà lọ. Máṣíìnì ìránṣọ kan wà níbẹ̀, àpótí òwú kan, àti àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó dojú kọ ògiri ilé kejì. Kò sí ohun tí mi ò dán wò nínú yàrá yẹn. Mo fi àjákù aṣọ rán ìbora alábùlẹ̀. Mo fi wúùlù hun fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti súwẹ́tà. Mo fi abẹ́rẹ́ ya ológbò sára ìrọ̀rí kan, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń yìn mí pé ewúrẹ́ náà dára, nígbà tó yá èmi náà gbà pé ewúrẹ́ ni. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù ni ìbora ọmọ. Ọmọ-ọmọ méje ni mo ní, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí wọn ò fi ìbora tí mo hun gbé kúrò nílé ìgbẹ̀bí.

Bẹ́ẹ̀ ni a wà tí làkúrègbé fi wọ ọwọ́ mi. Àtàǹpàkò ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń ti ìka kan bọ́ sí òmíràn bí àlejò tí kò fẹ́ fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìkí. Dókítà fún mi ní oògùn, ó ní kí n máa fi ọwọ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Mo ṣe é. Ọwọ́ mi mọ́, ìyẹn nìkan ni mo rí níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo fi odindi ìdajì wákàtí wá bí mo ṣe máa fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ tí mi ò rí i ṣe, mo kó gbogbo irinṣẹ́ mi sínú àpótí, mo tì í, mo sì kéde nínú ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá mi sọ ọ̀rọ̀ òwú mọ́. Èmi àti Bàbá Gúnrégé nìkan ló wà nílé, àmọ́ mo kéde rẹ̀ bí ìgbà tí ìjọba bá ń ṣòfin.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí àbíkẹ́yìn wa pè wá lórí fóònù pé òun ti lóyún, ó ti wọ oṣù kẹfà. Inú mi dùn. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ní, "Màmá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu nípa ìbora o. Mo ti rí ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, ó dáa gan-an." Àánú mi ló ń ṣe é, mo mọ̀. Mo ní ó dáa náà, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo wọ balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún. Ọmọ méje ló ti gba ìbora lọ́wọ́ mi. Ẹ̀kẹjọ, tó tún jẹ́ ọmọ ẹni tí mo pọ̀n kẹ́yìn, òun ni yóò wá sáyé tí kò ní bá nǹkan kan tó ti ọwọ́ mi wá.

Ọkọ mi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. "Kí ló dé?"

"Ọṣẹ ló kó sí mi lójú."

Lọ́jọ́ kejì ó ra ọṣẹ mìíràn wálé, tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ pé kì í ta ojú. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó sì sọ ohun tó ti ń rò láti àná. "Èmi ni màá ṣe ìbora ọmọ yẹn."

"Ìwọ?"

"Èmi náà ni. Mo ti fi pákó ṣe àpótí aṣọ tí ènìyàn lè sùn sí. Kí ló wá le nínú aṣọ tí kò tiẹ̀ le?"

Mo fi í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú. Ó lọ wá téèpù.

Ìbora alábùlẹ̀ ló kọ́kọ́ dán wò. Ó gé àwọn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àtijọ́ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ó sì fi pẹ́ńsù àti rúlà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mi ò ní purọ́, láti ọjọ́ tí mo ti ń rán àbùlẹ̀, mi ò gé èyí tó dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó tò wọ́n sórí tábìlì pálọ̀, àmọ́ wọ́n ń yẹ̀ kúrò lójú kan, ló bá fi ìṣó kéékèèké kàn wọ́n mọ́ ọn. Tábìlì pálọ̀ mi ni mò ń wí yìí. Ó wá gbìyànjú láti fi abẹ́rẹ́ rán wọn pọ̀. Nígbà tó fi rán ẹ̀gbẹ́ méjì tán, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, ló bá ronú bíi káfíńtà: ó gbé gọ́ọ̀mù pákó, ó sì lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gọ́ọ̀mù ti gbẹ. Ó gbé ìbora náà ti ògiri, ìbora náà dúró. Ó jáwọ́, ó ṣì dúró. Mo fi ìka kan án gbà-gbà-gbà, mo ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, onílé." Kò rẹ́rìn-ín. Àgbá omi ẹ̀yìnkùlé ni ìbora yẹn ń dé lórí báyìí, eruku kankan kì í sì í wọ ibẹ̀.

Ó wá kọjú sí wúùlù. Ó hun àpẹẹrẹ kékeré kan tó fẹ̀ tó ìwé ìléwọ́, ó sì bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ, bó ṣe máa ń fọ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ wúùlù mọ̀ pé omi gbígbóná ni ọ̀tá rẹ̀. Ó sún kì, ó ki pọ̀, ó le bí àtẹ́lẹ̀ bàtà, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ mọ́. Ó gbé e wò sókè, ó gbé e wò sísàlẹ̀, ó ní ayédèrú wúùlù ni wọ́n tà fún òun. Mo mọ ohun tó fà á, ó wà lẹ́nu mi tán, àmọ́ òfin tí mo fẹnu ara mi ṣe kò gbà kí n sọ̀rọ̀. Ó wá ki nǹkan náà bọ abẹ́ àga pálọ̀ kan tó ti ń mì láti ọdún tó kọjá. Àga náà kò mì mọ́. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń jókòó lórí rẹ̀ kó lè dìde, tó sì ń dìde kó lè tún jókòó.

Lẹ́yìn èyí, ilé wá dákẹ́. Ó gbé ìwé iṣẹ́ ọwọ́ mi, ìwé tí mo ti ń kọ bí wọ́n ṣe ń hun oríṣiríṣi nǹkan sí láti ọjọ́ pípẹ́, ó wọ àtíbàbà ẹ̀yìnkùlé níbi tó kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sí, ó sì ti ilẹ̀kùn. Láàárọ̀, tó bá ti jẹun tán, ibẹ̀ ló ń lọ. Bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá lọ sá aṣọ, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń ka nǹkan. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ló sì ń lọ sọ́dọ̀ Ìyá Olówùú.

Ìyá Olówùú ló ń ta òwú, bọ́tìnì àti rọ́bà ṣòkòtò ní igun òpópónà wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Opó ni, ó yá mọ́ni, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń jáde kí ọ̀rọ̀ tó ń pa á lẹ́rìn-ín tó parí. Ó ti dé etí mi pé òun ló kọ́ ọkọ mi bí wọ́n ṣe ń mú abẹ́rẹ́ ìhun. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè wa dáadáa, ẹ mọ̀ pé òwú àti owú kò jìnnà síra wọn. Òwú ni ọkọ mi ń lọ rà, owú ló ń fi sílẹ̀ tì mí nílé. Mo jowú, mi ò ní fi bò. Kì í ṣe nítorí obìnrin yẹn, ẹ má ṣì mí gbọ́. Bí ọkọ mi bá fẹ́ wo obìnrin, á kọ́kọ́ wò ó bóyá èjìká rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ohun tó dùn mí ni pé ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ ńlá tó kún fún àpá ayùn, ti ń ṣe ohun tí ọwọ́ mi kò lè ṣe mọ́. Bí ó bá hun ún tán, ọmọ náà á ní ìbora lóòótọ́, àmọ́ kí ni tèmi níbẹ̀?

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àbíkẹ́yìn wa bímọ, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Olówùú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo díbọ́n pé bọ́tìnì ni mo wá rà.

"Màmá, ẹ káàbọ̀," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ bàbá kí wọ́n ní sùúrù. Wúùlù aláwọ̀ ewé ti tán lọ́wọ́ mi. Mo ti ní kí wọ́n kó òmíràn bọ̀."

"Mélòó ni wọ́n ti rà?"

"Ìdì mọ́kànlá. Ṣé ìbejì ni wọ́n ń retí ni?"

Ìdì mẹ́rin ni ìbora ọmọ ń gbà, aláwọ̀ ewé méjì, funfun méjì. Mo bi í pé funfun ńkọ́. Ó ní, "Wọ́n ní kò tíì kan funfun. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn wo ìwé yẹn, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ìwé ìyàwó àwọn kì í ṣe ohun tí ará ìta ń wò." Ẹ̀rín rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Mo gbàgbé láti ra bọ́tìnì, mo yára padà sílé.

Mi ò kanlẹ̀kùn. Mo ṣí ilẹ̀kùn àtíbàbà, mo wọlé. Ọkọ mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ pẹ̀lú awò lójú, abẹ́rẹ́ ìhun méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti orí abẹ́rẹ́ yẹn, nǹkan aláwọ̀ ewé kan sọ̀ kalẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀, ó balẹ̀, ó gba abẹ́ bẹ́ǹṣì kọjá, ó sì lọ títí dé ibi tí ó ti kan ògiri. Lórí pákó kan tó gbé ti ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ó ti fi pẹ́ńsù fa ìlà márùn-ún márùn-ún, ìlà tí mi ò lè kà tán.

"Má wọlé," ló wí.

"Mo ti wọlé. Kí nìyí?"

"Ìbora ọmọ."

"Ọmọ wo? Ṣé ẹni tó ti ní irùngbọ̀n ni wọ́n fẹ́ bí ni?"

Ó fi ọ̀wọ̀ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Mi ò tíì dé àárín rẹ̀. Mo ti ṣe irinwó ó lé mẹ́tàdínlógún. Ó ku ẹgbẹ̀rin ó dín mẹ́tàdínlógún, kí n tó pààrọ̀ sí funfun."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Ìwọ ni." Ó ṣí ìwé mi, ó fi ìka sí ojú ibẹ̀. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́ lóòótọ́, lẹ́tà rogodo rogodo: *Hun un lo, hun un bo ni igba mefa, ki o to paaro awo.* "Igba mẹ́fà," ló wí. "Igba lọ́nà mẹ́fà. Ẹgbẹ̀fà nìyẹn."

Mo wo ìwé náà. Mo tún un wò. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo lò fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kò ní àmì ohùn lórí, ó sì ti wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ tí n kì í fi àmì sórí ohun tí mo bá fi ọwọ́ kọ pàápàá. Ta ló tún fẹ́ kà á, ju èmi tí mo kọ ọ́ lọ?

"Ìgbà mẹ́fà ni," mo wí, ohùn mi lọ sílẹ̀. "Ìgbà. Lẹ́ẹ̀mẹfà."

Ó wo ìwé, ó wo pákó tó fa ìlà sí, ó wo nǹkan aláwọ̀ ewé tó nà sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń ṣírò. Ẹ̀rín ló gbé mi, mi ò lè dá a dúró. Mo rẹ́rìn-ín títí tí mo fi di bẹ́ǹṣì mú, títí tí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Mi ò rántí ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Òun náà gbìyànjú láti fajú ro, kò lè ṣe é, a sì jọ ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò láròjinlẹ̀.

Nígbà tí mo rí èémí mí, mo bi í léèrè. "Ìwọ tí o fi gbogbo ayé ẹ wọn nǹkan. Ṣé o kò rí i pé ọmọ ìkókó ò lè gùn tó báyìí ni?"

"Mo rí i nígbà tó pé àádọ́rùn-ún," ló wí. "Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n. Mo mọ̀ pé nǹkan kan ò bá ara mu."

"Kí ló dé tí o kò dúró?"

"Ìwọ lo kọ ọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, mi ò rí ibi tí o ti ṣì í rí. Mo ní bóyá ohun kan wà níwájú tí ojú mi kò tíì tó."

"O lè bi mí."

"O ní ká má bá ọ sọ ọ̀rọ̀ òwú."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ṣinṣin. Ọ̀sẹ̀ méje ni ó ti jókòó sí ibi yìí tí ó ń hun ohun tí ojú rẹ̀ sọ fún un pé kò dáa, kìkì nítorí pé ìwé mi sọ bẹ́ẹ̀. Èmi wà nínú ilé, mò ń jowú rẹ̀. Ojú tì mí, mo sì sọ fún un pé ojú ń tì mí. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé bóun bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u ní ìsinsìnyí, bóyá òun á lè tún hun òmíràn kí ọmọ tó dé. Ó ti mú ẹnu òwú dání.

"Má tú u," mo wí.

Mo gbé àpótí kan, mo jókòó tì í. Mo ní kó pa ojú ìhun dé kó má baà tú, kó sì wọn gígùn rẹ̀ fún mi. Ó lé díẹ̀ ní mítà méjì. Mo ní kó ká a sí mẹ́ta, kí ipele kan gùn lé èkejì, kí á wá rán an já láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí mo ṣe máa ń rán ìbora alábùlẹ̀ tó bá ní inú. Ojú rẹ̀ tàn. Ó fi ṣọ́ọ̀kì àti rúlà fa ìlà mẹ́sàn-án sórí rẹ̀, ó sì yọ abẹ́rẹ́ ńlá tó fi ń rán tìmùtìmù àga nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo sọ ibi tó máa ki abẹ́rẹ́ bọ̀ fún un, mo sọ ibi tó máa fà á jáde sí, mo bú u nígbà tó fà á le jù. Ó gbọ́ràn bí ọmọ iléèwé. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi rán ìlà mẹ́jọ, kò sì sí ọ̀kan tó yà.

Nígbà tó ku ìlà kan, ó na abẹ́rẹ́ sí mi. Mo ní ọwọ́ mi ò lè mú abẹ́rẹ́, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ni kí o fi mú eléyìí. Kì í ṣe ti ìka." Mo fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mú un. Ó ro mí, mi ò ní parọ́. Ìlà kan péré ni, gbogbo ọ̀sán ni mo fi rán an. Ojú rírán kan gùn, èkejì kúrú, ìlà náà kúrò lórí ṣọ́ọ̀kì, ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, mi ò ní jẹ́ kí àjèjì rí i. Ọkọ mi jókòó tì mí, ó ń bá mi ti ìbora náà síwájú díẹ̀díẹ̀, títí mo fi ta kókó.

Ọmọ náà dé ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Obìnrin ni. A gbé ìbora náà lọ sí ilé ìgbẹ̀bí nínú ọ̀rá, èmi ni mo gbé e, mi ò jẹ́ kí ọkọ mi fọwọ́ kàn án. Àbíkẹ́yìn wa nà án sórí ibùsùn, ó tẹ̀ ẹ́ wò nítorí bó ṣe nípọn, ó ń fi ìka tọ ìlà rẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ hun gbogbo èyí?"

"Ìwé ìyá rẹ ni mo tẹ̀ lé," ni ọkọ mi wí, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìka àbíkẹ́yìn wa dé ìlà tó kẹ́yìn, ó dúró. Ó tọ ọ́ lọ díẹ̀, ó tọ ọ́ padà. "Eléyìí ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi nìyẹn," mo wí.

Ó yí ìbora náà padà, kí ẹ̀gbẹ́ tí ìlà yẹn wà lè bọ́ sí òkè, ó fi we ọmọ rẹ̀, ó sì ṣẹ́ etí ìbora náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà.